Ẹni Tó Lọ Aṣọ Náà

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí ọmọ sọnù ni wọ́n já ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀.

Tuntun ni gbogbo wọn, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Ìyàwó alágbàfọ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tó ń wo títì.

"Ọlá dé o!" ni aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn kígbe. "Alágbàfọ̀, fi ọ̀kan nínú ẹ̀rọ yìí fọ ojú mi, kí èmi náà lè jọ olówó."

Ó rí ojú obìnrin náà. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Ẹnu mi yá jù."

Obìnrin náà kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, níbo lẹ ti rówó?"

"Oníbàárà kan ló yá mi."

"À ń wá ọmọ, ẹ̀yin ń yá owó ẹ̀rọ?"

Alágbàfọ̀ wọlé lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà. Ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ẹ̀yìn tábìlì ló máa ń dúró sí, tí yóò máa pàṣẹ: "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ẹ fún wọn ní ṣòkòtò wọn, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n!"

Òótọ́ ni pé oníbàárà kan wà. Aṣọ funfun nìkan ló máa ń kó wá. Ó sọ fún alágbàfọ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Ọwọ́ rẹ mọ́ ju owó tí ò ń rí lọ. Títí dìgbà wo lo fẹ́ fi máa lọ aṣọ olówó?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ọdún méjìlá ló ti fi ń lọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí oníbàárà náà ní kó tẹ̀ lé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe owó, ó tẹ̀ lé e.

Yàrá kan ni, lẹ́yìn ibi ìlagi. Kò ní fèrèsé. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀ ní dúdú, kódà àjà. Òórùn eérú àti ẹran tó ti pẹ́ gba afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìkòkò ńlá kan wà láàárín ilé, aṣọ pupa bò ó lẹ́nu. Aṣọ náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

Adáhunṣe kan jókòó lẹ́yìn ìkòkò náà. Arúgbó ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Oníbàárà mi ló mú mi wá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó mú ọ wá. Ta ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

"Orí rẹ pé?"

"Ó pé."

Adáhunṣe rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Mi ò gba ẹbọ lọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fipá mú. Ìkòkò yìí kì í mu ẹ̀jẹ̀ àṣìṣe." Ó gbé ọwọ́ lé aṣọ pupa náà, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́ mímí.

"Ewé tó já kì í padà sórí igi.
Omi tó ṣàn lọ kì í bojú wẹ̀yìn.
Ohun tí ọwọ́ bá fi sílẹ̀ níbí, ojú kì í rí i mọ́.

"Ẹni tí o fẹ́ràn jù ni ìkòkò yìí ń gbà. Máa lọ sílé. Fi ọjọ́ méje rò ó. Tí o ò bá padà wá, kò sẹ́ni tí yóò wá ọ wá."

Ọjọ́ méje. Ó jẹun, ó sùn, ó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ náà gbóná. Ó ra oògùn, ó wọ̀n ọ́n sínú ṣíbí, ó po ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọn kó má baà korò jù. Ara ọmọ náà sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, ó mú aṣọ ọmọ náà tó ní àwọ̀ ìyeyè, ó wọ́n omi sí i, ó lọ̀ ọ́.

"Bàbá mi, níbo là ń lọ?"

"A fẹ́ lọ kí ẹnì kan."

"Ṣé a máa gba aṣọ bọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé àpò dání nígbà náà."

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rọ ìlagi ń ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀. Ọwọ́ arúgbó kan tó mọ́ tónítóní jáde láti inú òkùnkùn, ó di ọwọ́ kékeré kan mú. Ilẹ̀kùn tì. Bàbá rẹ̀ dúró sí ìta, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lápá òsì, aṣọ nìkan ni wọ́n sì gbé fún un.

"Jó o níná," ni adáhunṣe wí.

Kò jó o. Ó gbé e lọ sílé, ó jókòó tì í, ó sunkún. Bó ṣe ń sunkún ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Omi tútù, nítorí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mú mọ́ aṣọ. Iyọ̀ díẹ̀. Kò fi agbára fọ̀ ọ́. Ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó sì gbé e sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín aṣọ tó ń retí olówó wọn.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti rí i lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, nígbà tó ń kó aṣọ kúrò kí àyè lè wà.

Ó gbé aṣọ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ jáde kẹ́yìn sí imú. Ọṣẹ ló ń rùn. Ó jáde, ó ní kí aránbàtà lọ pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ló wọlé wá jókòó síwájú ọkọ rẹ̀.

Aránbàtà tún ké sí ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé, ó mú pásítọ̀ dání.

"Gbọ́ mi kí wọ́n tó dé," ni ẹ̀gbọ́n wí, òógùn bò ó. "Bàbá wa pàápàá, orí rẹ̀ dàrú nígbà kan. Àìsàn ìdílé ni. Mo mọ dókítà tó máa kọ ìwé. O ò rántí ohunkóhun. O ò mọ ibi tí o gbé e lọ. Ṣé o gbọ́?"

Pásítọ̀ yíjú sí ìyá ọmọ. "Kì í ṣe òun, arábìnrin. Ẹ̀mí òkùnkùn ló wọ inú rẹ̀. Sàtánì ló lò ó."

"Pásítọ̀, ṣé Sàtánì mọ aṣọ lọ̀?"

Ìyá ọmọ tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní ìwọ rí. "Mi ò bi ọ́ ní ìdí. Mi ò bi ọ́ ní ohun tó lò ọ́. Ibo ni ọmọ mi wà? Tí o bá ní o ò rántí, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí láé. Jẹ́ kí n lọ gbé e."

Alágbàfọ̀ mọ ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Tó bá ní òun gbàgbé, ibùsùn ilé ìwòsàn ni, ọdún díẹ̀, yóò sì padà wálé. Tó bá sọ ibẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nìyẹn, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kì í padà wálé.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró níta. Ìró bàtà.

Pásítọ̀ lóṣòó ti alágbàfọ̀. "Ọmọ mi, ohùn kan wà tí o gbọ́, àbí?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí? Ó gbọ́ ohùn! Sọ fún wọn, kí ni ohùn náà ní kí o ṣe?"

"Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn.'"

Alágbàfọ̀ kọjú sí àwọn ọlọ́pàá tó ń wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Orí mi pé. Àìsàn ò ṣe mí, ẹ̀mí kankan ò wọ inú mi. Èmi ni." Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀yìn ibi ìlagi. Yàrá tí kò ní fèrèsé. Lábẹ́ ilẹ̀, lápá òsì."

Wọ́n bá adáhunṣe níjòkòó lẹ́yìn ìkòkò rẹ̀. Kò sá. "Mo bi í léèrè," ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń dè é. "Gbogbo wọn ni mo bi. Kò sí ọ̀kan tó ní òun ò fẹ́."

Ọlọ́pàá gbẹ́ ilẹ̀ náà. Òkú márùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì di àpò kan mú.

Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi wé ọmọ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan fẹ́ bá a gbé e, ó mi orí. Ó gbé e kọjá lára ọkọ rẹ̀ tí wọ́n dè lọ́wọ́, kò wò ó. Ó gbé e kọjá lára pásítọ̀ tó ń wá àdúrà tí yóò gbà. Títí tó fi dé ẹnu ọkọ̀ ló ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé ó ti tó, pé àwọn ń lọ sílé.