Ẹrù Orí Mùíbátù

Ọlábánjí kò fín fíríìjì sórí pákó tí ó fi ń tẹ àwòrán sórí bébà, ó dá a lójú. Síbẹ̀, nígbà tí ó ṣí bébà kúrò lórí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1994, fíríìjì ti jókòó sórí ẹrù tí ìyàwó rẹ̀ rù nínú àwòrán.

Ìràkúrà ni ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ bú. Àwọn ère tó fi agolo òfìfo kàn kún àgbàlá rẹ̀ ní Ìlobù. Nínú àwòrán yìí, ó fín Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n lórí, ó sì fín ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn tí Ọlábánjí ń bú náà ló ń rà á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri ilé wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀dà tó bá tẹ̀ ni ẹrù ń lé sí i lórí bébà. Fáànù kọ́kọ́ dé, àga tìmùtìmù tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni Mùíbátù fúnra rẹ̀, nínú ilé, kò ti lè gbé orí sókè mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ń bèèrè ẹ̀dà mẹ́wàá ní Òṣogbo,” ni Múdàṣírù ará Ìfọ́n tó ń bá a tà á wí.

“Kò sí mọ́,” Ọlábánjí dáhùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ bí kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́, ọrùn ìyàwó rẹ̀ kò nà. Àánú rẹ̀ ń ṣe é gan-an. Ó wá rò ó pé kí òun gbẹ́ ẹ kúrò nínú àwòrán, kí òun nìkan ṣẹ́kù. Bí ẹrù bá fẹ́, kí ó wá bá òun. Íǹkì ti mú pákó dúdú, kò rí ohun tó fín sójú rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó wo bébà. Ọwọ́ ọ̀tún ni Mùíbátù wà. Ó gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún pákó títí ó fi di ihò.

Ó tẹ ẹ̀dà kan láti fi wò ó. Mùíbátù ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Níbi tí ó fín ara rẹ̀ sí, funfun báláú ni. Ìgbà yẹn ni ó rántí ohun tí ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ogún ọdún: ọ̀tún pákó ni òsì bébà.

Mùíbátù wọlé, ó dorí kodò.

“Ọkọ mi, níbo lẹ gbà lọ?”

“Mo rèé.”

Mùíbátù gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i, tí kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ó di ògiri mú.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó rọra wí, “ẹ wá bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀.”

Ọlábánjí na ọwọ́ méjèèjì sí i. Wọn kò kan nǹkan kan.