Ìwé Tí Ìyádùnní Yàn

Abórìṣàdé fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ọdún 1938 ni, òjò ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá l'Ọ̀tà. Láwàlì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí í ṣe akọ̀wé kóòtù, jókòó tì í pẹ̀lú bébà àti gègé. Ìyádùnní, ọmọ kan ṣoṣo tí Abórìṣàdé bí, kúnlẹ̀ síwájú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

"Nítorí oko obì mi lọ́nà Adó-Odò ni mo ṣe pè ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "N kò fẹ́ kó dìjà lẹ́yìn mi. Láwàlì, ṣàlàyé fún un."

Láwàlì rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀nà méjì ló wà, ọmọ mi. Bàbá rẹ lè kọ ìwé ìhágún. Ìgbà tí ọlọ́jọ́ bá dé ni oko á tó di tìrẹ, o sì lè ṣe é bó ṣe wù ọ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé kan bá ta ko ìwé náà, ó dọ̀rọ̀ adájọ́. Ọ̀nà kejì, kó fa oko lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ láti òní, níṣojú ẹbí. Alágbàtọ́ á máa ká obì, á máa fi èrè rẹ̀ rán ọ níwèé títí wàá fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Kó tó dìgbà náà, ìwọ gan-an kò lè tà á."

"Èwo lo fẹ́?" ni Abórìṣàdé bi í. "Ilé-ìwé olùkọ́ l'Abẹ́òkúta ni mo ní lọ́kàn fún ọ."

Ìyádùnní wolẹ̀. Kùmásí ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá òwò lọ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje, tí kò sì padà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni lẹ́tà ń dé. Bó bá ti gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun lágbo ilé, á máa gbìyànjú láti rántí ohùn ìyá tirẹ̀. Kì í rí i rántí mọ́. Bí oko bá di tirẹ̀, ó lè tà á, kó wọkọ̀ lọ bá a. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti dárúkọ obìnrin náà níwájú bàbá rẹ̀.

"Ìwé ìhágún, Bàámi."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Kò sí nǹkan kan. Òun ló rọrùn."

Bàbá rẹ̀ wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní kí Láwàlì kọ ìwé ìhágún náà, ó sì tẹ̀ka sí i.

Kí ọyẹ́ tó dé, Abórìṣàdé jáde láyé. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìwé rẹ̀, Ògúntóyè, àbúrò rẹ̀, dìde.

"Àìsàn ti dé orí ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó tẹ̀ka," ló wí. "Oko wa kò ní bá obìnrin lọ ilé ọkọ."

Ẹjọ́ dé Abẹ́òkúta. Adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan oko náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ọdún márùn-ún ló gbà. Ìyádùnní fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń bá ìyàwó Láwàlì yan gàrí. Nígbà mìíràn á rìn dé etí oko, á dúró, á máa wo obì tó já bọ́, tí kòkòrò ń jẹ. Láti ọdún kẹta, lẹ́tà Kùmásí kò wá mọ́.

Adájọ́ dá a láre nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n igbó ti bo oko, ìdajì igi ti kú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ìgbà náà ló tó sọ fún Láwàlì ìdí tó fi yan ìwé ìhágún.

"Ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá rẹ ń retí lọ́jọ́ náà," ni Láwàlì wí. "Ó ti ní kí n kọ̀wé pe ìyá rẹ wálé, bí ìwọ náà bá fẹ́ ẹ. Àárò rẹ̀ ń sọ òun náà."

Ìyádùnní sunkún bí kò ti sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà sí Kùmásí fúnra rẹ̀, ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ nílé. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ sí ṣì wà níbẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́, ó mú àdá, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kì í ṣe ìwé tí Ìyádùnní yàn nìkan ló pa á lára. Ohun tó fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, nígbà tí onítọ̀hún ń bi í, ló pa á lára jù.