Ìwé tí Obìnrin Malábò Fi Sílẹ̀

"Nafisa, kí ni oníbàárà yìí kọ?"

Ìyá Àgbà Wòsílátù na ìwé sí ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìkòkò wọn ní Okaishie, ọjà kan ní ìlú Accra. Obìnrin tó kọ ọ́ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Malábò láàárọ̀. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, òun náà sì ni Nafisa ń kọ́ níléèwé. Ó ti fọ́nnu káàkiri òpópó pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún òun nínú rẹ̀.

Ó wo ìwé náà. *Grandes*, ó mọ̀ ọ́n: ńlá. *Pequeñas*: kékeré. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta *hondas* àti ogójì *anchas* wà nísàlẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn rí.

Yusif, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí màmá rẹ̀ ń ta àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, na ọrùn. "Ṣé kí n bá ọ wò ó?"

"Ìwọ tí o pe ìyàwó tíṣà ní adìyẹ ní èdè Sípéènì? Lọ nu àwo rẹ." Ó kọjú sí Ìyá Àgbà. "Ọgọ́ta pẹrẹsẹ, ogójì tó jìn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Inú ara wọn ni wọ́n ń kó ìkòkò sí, wọ́n á sì fi okùn so ó pinpin; ẹni tó rà á kò ní rí inú rẹ̀ àfi tó bá délé. Ìyá Àgbà kì í sì í tú ẹrù tó bá ti dì. Ó ní ọjà tí a bá tú, ẹsẹ̀ oníbàárà a yà kúrò níbẹ̀.

"Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Nafisa bèèrè.

"Ó fi fọ́tò hàn mí. Igba ọmọ iléèwé ló ń se ọbẹ̀ fún. Ìkòkò pẹrẹsẹ yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé."

Nafisa tún wo ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìwé náà. Mutala onílọ́rì, tí yóò gbé ẹrù lọ sí èbúté Tema, fọn fèrè. "Maame, Tema jìnnà o. Ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró."

Tó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n gbé ìdì àkọ́kọ́ sókè. Nafisa dì í mú.

"Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. N kò mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn. Mo kàn méfò ni."

Ìyá Àgbà mú ọ̀bẹ, ó gé okùn ìdì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Mutala pòṣé, ó wa lọ́rì rẹ̀ lọ láìgbé ẹrù.

Yusif ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. "*Hondas*, tó jìn. *Anchas*, tó fẹ̀." Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an ló dun Nafisa jù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin Malábò fi dúró de ẹrù rẹ̀, títí ọkọ̀ ojú omi mìíràn fi gbé e. Nafisa ló kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú lẹ́tà náà tọ tíṣà lọ, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìtìjú "n kò mọ̀" kì í pẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá dì mọ́ ẹrù, iwájú ẹni tí ebi ń pa ni wọn yóò ti tú u.