Ọkàn Inú Ìgò

Awwal ọmọ Sàlíhù kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, lórí ẹní tó ti ń ṣeré láti àárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, ibà ò ṣe é. Ó kàn ní inú ń run òun ni, ó bì, itọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá bẹ́. Òógùn bò ó. Ẹran ara rẹ̀ ń fò lábẹ́ awọ. Kí bàbá rẹ̀ tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ti lọ.

Gbogbo ilé figbe ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ké. Mujeebah, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Sàlíhù fi sáyé lọ, kúnlẹ̀ ti òkú náà, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ọmọlójú ẹ̀ ti kéré jù," ló wí. "Ó dà bí orí abẹ́rẹ́. Mọ́mì, kí ni Awwal jẹ lónìí?"

Fàósátù, ìyá ọmọ, dá ẹkún dúró lójijì. "Kí lo wí?"

"Mo ní kí ló jẹ ni, mà."

"Ohun tí gbogbo wa jẹ ló jẹ! Ẹ̀wà ni mo sè, ṣé ìwọ ò jẹ níbẹ̀ ni? Ọmọ mi kú, ìwọ ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹran orí àtẹ!"

Jameelah, àkọ́bí Fàósátù, dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ó rí ojú tí ìyá rẹ̀ fi wo Mujeebah. Ìyá yìí kan náà ló gba Mujeebah tọ́ láti ọmọ ọdún méje, tó wẹ̀ fún un, tó dirun fún un. Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojú ìyá mọ́.

Ìdí-Òrò ní Mushin ni wọ́n ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là láàárín. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni Sàlíhù ń tà ní Ládìpọ̀. Láàárín ọdún kan, iná jó ìsọ̀ rẹ̀, oyún oṣù márùn-ún bàjẹ́ lára ìyàwó rẹ̀, ó wá kan Awwal. Bí ibi bá ń wọ́ tẹ̀lé ibi báyìí, aráyé kì í pẹ́ rí ẹni tí wọ́n á dì í rù.

Ìyá Àmínù, tí yàrá rẹ̀ fara ti tiwọn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́ ni? Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ọmọ yẹn á ti jí, á máa ké sí ẹnì kan. 'Búfò Régúlárísì. Búfò Régúlárísì.' Ó lè pè é nígbà ogún! Ẹ bá mi bi í o, ta ni Búfò? Ẹyẹ kan sì máa ń bà sórí páànù wa lásìkò yẹn gan-an, á máa fi èékánná họ ọ́. Tọ́mọ yẹn bá ti dákẹ́, ẹyẹ náà á gbéra."

"Haà! Ẹgbẹ́ àjẹ́ ló ń pè nìyẹn," ni obìnrin kejì wí.

"Èmi ò mọ̀ o. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

Jameelah mọ Búfò. Orúkọ tí ìwé Bàọ́lọ́jì ń pe ọ̀pọ̀lọ́ ni, Mujeebah ló ń há a sórí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti Mujeebah, ilé lẹ́sìnnì kan náà ní Yábàá ni wọ́n sì ti ń múra ìdánwò A-Level. Ẹ̀ẹ̀kejì Jameelah nìyí, ó ti fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn tí ìsọ̀ jóná, bàbá wọn pè wọ́n jókòó, ó ní: "Agbára mi ò gbé ẹni méjì lọ sí yunifásítì mọ́. Ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ga jù ni màá rán." Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ́. Jameelah fẹ́ràn Mujeebah o, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n lórí ìrun, ó máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí àìsàn díẹ̀ mú un lọ́jọ́ ìdánwò.

Nígbà tó di fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àmínù fúnra rẹ̀ ló lọ mú Alfa Àmúsà wá. Jameelah rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìkóríta, ẹnu obìnrin náà ò sinmi, ó ń nawọ́ sí fèrèsé ibi tí Mujeebah ń sùn. Alfa jókòó, ó ka tẹ̀súbáà títí, ó wá gbójú sókè.

"Wọ́n ti yọ ọkàn ọmọ yìí kó tó kú," ló wí. "Inú ìgò ló wà. Ìgò náà ò sì jìnnà sí ibi tí a jókòó sí."

Wọn ò wá a pẹ́. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mujeebah ni wọ́n ti fa ìgò kan jáde. Ohun róbótó kan tí kò tó èkùrọ́ ń léfòó nínú omi tó ń ta wọ imú. Fàósátù rí i, ó ké ẹyọ igbe kan, ó ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Mujeebah, ẹ̀rín ẹ̀rù. "Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ni! Pírákítíkà ilé lẹ́sìnnì la fi ṣe. Jameelah, sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Jameelah. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ ra ọ̀pọ̀lọ́ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé ní Ìwáyà. Àǹtí Lucy, obìnrin tó ń tọ́jú láàbù ilé lẹ́sìnnì wọn, ló fún wọn ní omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà. Mujeebah ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Jameelah ló fi abẹ là á.

"Jameelah," ni bàbá rẹ̀ wí, "ṣé o mọ nǹkan yìí?"

Ó wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ó wo Alfa. Ó rántí máàkì.

"Mi ò rí i rí, sà."

Mujeebah na ọwọ́ sí i.

"Yóò jẹ́wọ́," ni Fàósátù wí bó ṣe ń dìde. "Yóò sọ ibi tó gbé ẹ̀mí ọmọ mi sí. Jameelah, gbé ata yẹn wá."

Ata rodo tí wọ́n gún fún ọbẹ̀ fìdáù ni, abọ́ kan gbáko. Jameelah gbé e wá. Lẹ́yìn náà ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ata kankan ò dà sílẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta di Mujeebah mọ́lẹ̀. Fàósátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ata, ó sì ki í bọ̀ ọ́ lójú, ọ̀tún, òsì, ó tún padà sí òsì. Ọmọ náà ò pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, kò pe bàbá. "Jameelah!" ló ń pè. "Jameelah! Jameelah!" Sàlíhù kọjú sí ògiri.

Bí wọ́n ṣe tì í síta nìyẹn láìwọ bàtà, tó ń táràrà lójú títì, tí àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókùúta. Wọ́n kó ìwé rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun ún. Jameelah yọ ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìró. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ìwé tó kún jù ni, gbogbo àwòrán àti ìdáhùn ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé ọ̀hún ní ọ̀sán, ó ń kà nípa iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara. Mujeebah ti kọ ọ́ pé oògùn kòkòrò kan wà tí kì í jẹ́ kí iṣan sinmi mọ́: itọ́ á máa dà, òógùn á máa bọ̀, ẹran ara á máa fò, ọmọlójú á sún kì, títí èémí á fi dá. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí Awwal kú, ó wá kọ ọ́ pé: "Gbogbo rẹ̀ ni mo rí lára ẹ̀. Níbo ló ti rí oògùn kòkòrò? Kí n bi Jameelah."

Kò bi í. Bóyá ẹkún ilé ni kò jẹ́, bóyá ẹ̀rù Fàósátù ni. Bó bá sì bi í ni, Jameelah mọ ìdáhùn. Òun ni ìyá rẹ̀ rán lọ ra oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní ọ̀tapiapia ní ìkóríta, ìgò méjì. Ìyá rẹ̀ dà á sínú ààbọ̀ àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ó so ẹnu rẹ̀ pa.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìyẹ̀wù.

"Mọ́mì, ẹ̀wà yẹn ló pa Awwal."

Ìfọ́tí dáhùn kí ẹnu tó dáhùn. "Ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́! Gbogbo ayé ló ń da oògùn sí ẹ̀wà! Àwa tá a jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo wa ni inú ń run lọ́jọ́ yẹn, mà. Awwal ló kéré jù."

"Àjẹ́ ló pa ọmọ mi! Mo fojú mi rí ọkàn ẹ̀ nínú ìgò!"

"Ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ni, mà. Èmi ni mo là á."

Fàósátù wò ó títí. "Ìwọ lo là á. O sì dúró níbẹ̀ tí mo fi..." Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde. Ó tú àpò ẹ̀wà, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí oògùn ti rọ̀ sí, ó bu kọ́ńgò kan. Kò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó sè é, ó bù ú, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti ọmọ rẹ̀.

"Tó bá pa mí, òótọ́ lo sọ," ló wí. "Tí kò bá pa mí, o parọ́ mọ́ mi pé mo pa ọmọ mi, ìwọ náà á tẹ̀lé àjẹ́ rẹ síta."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

Ó ń jẹ ẹ́ ní ṣíbí-ṣíbí, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Jameelah fẹ́ gba àwo, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ṣubú. Ó jẹ ẹ́ tán. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà bi wọ́n pé kí ló jẹ. Sàlíhù ní òun ò mọ̀. Jameelah sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ó sọ ti ẹ̀wà, ó sọ ti Awwal, ó sọ ti ọ̀pọ̀lọ́, bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Dókítà sáré gún un lábẹ́rẹ́, ó tún gún un, wọ́n gún un mọ́jú. Lọ́jọ́ kẹta Fàósátù lajú. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ̀wà yẹn dùn mọ́ Awwal lẹ́nu," ló wí. "Ó ní kí n bù sí i. Mo bù sí i."

Sàlíhù padà sílé, ó kó àwọn alájọgbé jọ, ó ní Mujeebah ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́. Wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n ilé tó ti mọ̀ pé àjẹ́ ń bẹ nínú òun kò fẹ́ gbà pé kò sí. Nígbà tí Fàósátù fi ti ọsibítù dé, Ìyá Àmínù fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá tó fọwọ́ ara ẹ̀ pa ọmọ, tó jẹ májèlé kan náà tí kò kú," ló wí fún àwọn tó kù, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí lẹ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Alfa Àmúsà náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní inú ilé ló wà. Àbí n ò sọ?"

Jameelah wà níbẹ̀ tó ń re ẹ̀fọ́. Ó tẹ orí ba.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Ìwáyà, níbi tí wọ́n gbọ́ pé Mujeebah wà. Yàrá Àǹtí Lucy ló ti bá a, nítòsí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja sísun ti gba afẹ́fẹ́. Mujeebah jókòó lórí àpótí, òwú di ojú òsì rẹ̀ pa. Dókítà ti ní tìyẹn ò ní ríran mọ́. Ọ̀tún pọ́n, ó ń ṣomi, kò lè kàwé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àǹtí Lucy ń kà á fún un, òun ń tẹ́tí.

Jameelah kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní Dádì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé Mujeebah ò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, pé Mujeebah ni wọ́n máa rán lọ sí yunifásítì.

"Mọ́mì ńkọ́?" ni Mujeebah bi í.

"Ara wọn ti ń yá."

"Kí ni àwọn ará ilé ń sọ nípa wọn?"

"Wọ́n ní... wọ́n ní Mọ́mì gan-an ni àjẹ́ ọ̀hún."

"Ṣé o wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni ìwọ wá sọ?"

Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lẹ́yìn ilé, ẹni tó ń tukọ̀ ń ké sí oníbàárà rẹ̀. Jameelah wo ilẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Mujeebah yí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sí ẹni tí ń kàwé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ."

Àǹtí Lucy wo ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé ojú kúrò. Ó wá ibi tó dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò sẹ́ni tó ní kí Jameelah dìde.