Ehoro Tí A Kò Súfèé Fún

Ràhmát gbọ́ súfèé kó tó rí ẹni tó ń sú u. Ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ ní Agboyi, géńdé kan fò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àgò ehoro lórí, ó ń súfèé, àwọn ehoro sì nàró, wọ́n ń ju imú. Ọkùnrin náà dára, ká má purọ́!

"Aunty, ehoro yín rèé," géńdé náà, Àtàndá, wí. "Ṣé ti ọbẹ̀ ni àbí ti àsun?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ wọn."

Ní yàrá ìwádìí rẹ̀ n'Íkòsí, Ràhmát ṣàlàyé. Ẹ̀rọ á dún fíìn, atẹ́gùn á fẹ́ sójú ehoro, ehoro á ṣẹ́jú. Tó bá yá, á máa ṣẹ́jú kí atẹ́gùn tó dé. Wáyà tín-ín-rín á máa gbọ́ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe. Àtàndá lanu sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé koríko wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé nítorí ehoro nìkan? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ehoro kankan tó ṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ bá ti dún, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá Ràhmát sì ti ní bí èsì ò bá jáde láàárín oṣù mẹ́rin, òun á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àtàndá, kí lo máa ń ṣe kó o tó fún wọn lóúnjẹ?"

"Mo máa ń súfèé ni."

"O bà mí níṣẹ́ jẹ́! Ohùn súfèé rẹ àti ti ẹ̀rọ mi, ọ̀kan náà ni. Jọ̀ọ́, má wá síbí mọ́."

Ó lọ. Inú ń bí Ràhmát, ó sì ń retí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Àtàndá dé pẹ̀lú àgò ọmọ ehoro tuntun, kò súfèé.

"Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí wọn ni mo ti panu mọ́, mi ò súfèé rí létí wọn. Àwọn ará ilé rò pé ara mi ò yá."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ dún, ehoro funfun kan ṣẹ́jú. Atẹ́gùn ò tíì fẹ́! Ìró sẹ́ẹ̀lì ń ta pá-pá-pá bí àgbàdo nínú agbada.

"Dókítà, orí yín pé o!"

"Tìrẹ ló pé. Ta ló lè panu mọ́ fún oṣù méjì nítorí iṣẹ́ ẹlòmíì? Ó yá, lọ sí ẹnu géètì níbi tí ehoro ò ti ní gbọ́, kó o súfèé."

Àtàndá lọ, ó súfèé. Nígbà tó padà wọlé, Ràhmát ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Bí mo ṣe gbọ́ súfèé rẹ, kí n tó rí ẹ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "O ti kọ́ èmi náà bí mo ṣe kọ́ ehoro. Daddy mi á wà nílé lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wá bá wọn sọ̀rọ̀ wa."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé mo ti dé?"

"Ìwọ ṣáà súfèé."