Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Kọ́ Ló Jẹ Yúníìtì Wa

Mítà ara ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá. Ọlálérè ń fọ ẹnu lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì na orín sí ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ bí ẹni na ìbọn.

"Ẹ ò gbọ́ ọ? Ó ti jẹ ẹ́ tán! Ládélé ti jẹ iná wa tán!"

Lucy, ìyàwó rẹ̀, tó ń gbálẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Elizabeth, èèyàn kì í jẹ iná. Ẹ fọ ẹnu yín tán ná."

Ilé kan, mítà kan ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ń lò. Apá ọ̀tún ni Ọlálérè àti Lucy ń gbé, Ládélé wà ní apá òsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n jọ ra yúníìtì, ọkàn wọn sì balẹ̀ pé yóò bá wọn dé ọdún tuntun. Kérésì ò tíì dé, mítà ti ń ké pé yúníìtì fẹ́ tán.

Lójú Ọlálérè, ọ̀ràn náà kò gba ìwádìí. Ládélé ló ra iná Kérésì kan bọ̀ láti Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí gílóòbù wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀. Ó ta á sójú fèrèsé. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, yóò máa ṣẹ́jú: á tàn, á kú, á tún tàn.

Ọlálérè kò kàn dédé kórìíra rẹ̀. Ọlọ oníná ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn lọ ata àti ẹ̀wà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti mọ̀ pé ìgbà tí ọlọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra ni ó máa ń fa iná jù. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù a ṣú bí ojú ẹni tí òòyì kọ́. Oníbàárà tó bá ní kí ó pa ọlọ ná, kí òun sáré mú alùbọ́sà wá, ìjà ni.

"Ọlọ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń fa iná tó báyìí," ni ó máa ń wí. "Mélòó wá ni ti iná tó ń gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mí kan?"

Kí ó lè fi ọgbọ́n han Ládélé, òun náà ta iná tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: gílóòbù aláwọ̀ méjìlá, àwọn onígíláàsì àtijọ́ tí bàbá wọn fi ń ṣe Kérésì nígbà ayé rẹ̀. Ó so màrìwò ọ̀pẹ yí wọn ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé wọn. Iná náà dúró sójú kan, kò ṣẹ́jú. "Iná ọmọlúwàbí" ni ó pè é, kì í sì í pa á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ládélé yọ jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Kí ni wọ́n ní mo jẹ?"

"Má kí mi. Ọdún kọkànlá rèé tí o ti gbé àga Bàámi wọ yàrá rẹ, mo dákẹ́. Ó wá kan iná."

"Àga yẹn tún ti dé! Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù lára rẹ̀."

"Mẹ́rin ló ní nígbà tí o gbé e."

Lucy bú sẹ́rìn-ín. Ọlálérè kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti pe Hafsoh. Lónìí ni yóò gé wáyà tó lọ sí apá tìrẹ."

Ojú Ládélé yí padà. "Bí ẹ bá gé e, n óò kó lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Nítorí yín ni mo ṣe ń wálé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ẹ má ránṣẹ́ pè mí mọ́." Ó wọlé lọ, wọ́n sì gbọ́ tí ó ń fa àpótí lábẹ́ ibùsùn.

Ọlálérè ki orín bọ ẹnu padà. Ládélé nìkan ni ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sì mọ bí wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi já Hafsoh sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni ní Ìkàrẹ́. Òun ló tún mọ́tò ọlọ Ọlálérè ṣe nígbà tí oníṣẹ́ iná mẹ́ta mìíràn ti ní ó ti kú.

"Òun nìyẹn," ni Ọlálérè wí, ó ń na ọwọ́ sí wáyà. "Gé e."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ ná. N kì í gé wáyà láìwọn ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Dókítà kì í gé ẹsẹ̀ èèyàn nítorí pé aládùúgbò ní kí ó gé e."

Ó mú mítà kékeré kan jáde, ó tì í bọ inú sókẹ́ẹ̀tì, ó sì so iná Ládélé mọ́ ọn. Ládélé náà jáde wá wò ó.

"Ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún mi, Màmá."

Lucy tẹjú mọ́ ọn. "Mẹ́jọ. Ó ti di òdo. Mẹ́jọ. Òdo."

"Wáàtì mẹ́jọ ni ó ń fà bó bá tàn. Bó bá kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa nǹkan kan." Hafsoh tẹ bọ́tìnnì ara wáyà, iná náà sì dúró sójú kan. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ ṣáá ni."

"Ẹ rí i? Nígbà tí kò ṣẹ́jú mọ́ ni ó wá ń jẹ ìlọ́po méjì, torí kò sinmi."

"Irọ́ ni!" ni Ọlálérè wí. "Ọlọ mi ńkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ nípa ọlọ, Bàbá. Irin wúwo ló wà nínú mọ́tò. Bí ọmọlanke tó kún fún iṣu ni, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tì í ni agídí rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n irin wo ni gílóòbù wẹ́wẹ́ yìí fẹ́ yí?"

Ọlálérè tẹjú mọ́ gílóòbù wẹ́wẹ́ náà. Ó ní, "Ta ló wá jẹ yúníìtì wa?"

Hafsoh gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gílóòbù méjìlá ṣì ti ń tàn nínú oòrùn àárọ̀. Ó ní kí wọ́n pa á. Nígbà tí ọ̀kan tutù tán, ó tú u, ó sì gbé e fún Ọlálérè.

"Kí ni wọ́n kọ sí i lórí?"

"Ogójì."

"Ogójì lọ́nà méjìlá. Irinwó wáàtì ó lé ọgọ́rin. Ọgọ́ta irú iná Bọ̀dá Ládélé, kí wọ́n má tilẹ̀ ṣẹ́jú rárá, ló tó ìyẹn, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀." Ó fa màrìwò kan wálẹ̀. Ṣóńṣó ewé náà ti pọ́n, ó ti ń dúdú. "Ẹ tún wo èyí. Ewé gbígbẹ, ọyẹ́, gílóòbù tó gbóná. Díẹ̀ ló kù kí ilé yìí jó."

"Iná ọmọlúwàbí," ni Lucy wí wẹ́rẹ́.

Ọlálérè kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gun àpótí ìjókòó, ó tú gílóòbù mọ́kànlá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú abọ́. Ó ṣì wà lókè nígbà tí ó pè.

"Ládélé! Ṣé wáyà rẹ yẹn gùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Ládélé fi ojú wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó gùn dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbé e wá ká jọ ta á. Kí ó máa ṣẹ́jú o. N ò fẹ́ èyí tí kì í sinmi."

Ládélé gbé wáyà wá. Kò kó lọ sí Ìkàrẹ́ mọ́. Yúníìtì tí wọ́n jọ tún rà lọ́jọ́ náà sì bá wọn dé ọdún tuntun.

Ẹ̀yin ará, bí ọdún ti ń bọ̀ yìí, ẹ má tan ara yín jẹ. Iná Kérésì tó ń ṣẹ́jú kì í jẹ ju èyí tó dúró sójú kan lọ bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Ó máa ń dín kù ni, nítorí ó ń kú, ó ń tàn. Irú gílóòbù tí ẹ lò ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ LED sí lára páálí rẹ̀, irú ti Ládélé tí kì í fa iná púpọ̀. Ẹ pa àwọn onígíláàsì àtijọ́ tó máa ń gbóná tì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ màrìwò, aṣọ fèrèsé tàbí páálí. Ẹ pa iná ọdún kí ẹ tó sùn, ì báà máa ṣẹ́jú, ì báà má ṣẹ́jú.

Bí yúníìtì bá sì ń tán kíákíá, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná kí ó wọn ohun èlò yín lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá tiyín.