Ìkòkò Méjì Lórí Sítóòfù Kan

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, òjò ṣú láti òwúrọ̀ ṣùgbọ́n kò rọ̀. Ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ilé ìdáná fi ń làágùn bí ènìyàn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àǹtí Alásè wá kí àbúrò rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀, ó sì bá ìkòkò méjì lórí sítóòfù. Ọ̀kan tóbi, èkejì kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ.

“Ìyàwó wa, àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ìyá àti ọmọ ni?”

Ìyàwó Télọ̀ kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ káàsán mà. Kékeré yẹn ni ti bàbá àwọn ọmọ. Dókítà ní kí a dín iyọ̀ rẹ̀ kù gidigidi. Ńlá ni ti àwa yòókù.”

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nínú oṣù Kejì, Télọ̀ jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbéra. Ilé ìwòsàn sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ṣùgbọ́n pé èyí tó fúyẹ́ ni, orí bá a ṣe é. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Wọ́n ní bí ó bá ń lò ó, tó ń ṣe eré ìdárayá ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, tó sì dín iyọ̀ kù, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà padà bọ̀ sípò. Wọn kò ṣe ìlérí. “Ó ṣeé ṣe” ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí kò bá lè di àlùmọ́gàjí mú, kí ló kù nínú orúkọ rẹ̀?

Ọwọ́ náà sì ti ń padà. Nígbà tí Àǹtí wá yìí, Télọ̀ ti lè gé aṣọ ní ọ̀nà títọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lè gé ọrùn ẹ̀wù.

Àǹtí Alásè ti pẹ́ lẹ́nu oúnjẹ síse fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ọwọ́ rẹ̀ dùn, òun náà sì mọ̀ pé ó dùn. Ó mú ṣíbí, ó bù díẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, ó tọ́ ọ wò. Ó gbójú sókè wo àjà.

“Háà! Omi gbígbóná lẹ fi ń bọ́ ọkọ? Ìyàwó, ṣé ẹ̀wọ̀n ni àbúrò mi wà ni?”

“Mo fi àlùbọ́sà àti tòmátì sí i dáadáa, mà. Ata náà wà níbẹ̀.”

“Ata kì í ṣe iyọ̀. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, òkú ọbẹ̀ ni. Ọmọ Ìyá mi, ṣé o ń jẹ èyí?”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín láti pálọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gbé e mì ni. Jíjẹ ti tán.”

“Ẹ ò gbọ́ bí? Ohùn ẹni tí ebi ń pa nìyẹn! Bàbá tó bí wa, ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Ta ló bu iyọ̀ wọn kù?”

“Ẹ má dá ìyàwó mi lẹ́bi. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Dókítà kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń pọ̀n ẹ́.”

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àkọ́bí, ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, jókòó. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjèèjì tẹ̀lé e. Agolo iyọ̀ wà láàárín tábìlì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kí ẹnikẹ́ni tó fi oúnjẹ kan ètè, wọ́n ti nawọ́ sí agolo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu iyọ̀ wọ́n orí àwo. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ bàbá wọn náà. Télọ̀ ń wò wọ́n bí ọmọ tí wọ́n ní kó má bọ́ síta ṣeré.

Ìyàwó Télọ̀ ń bu omi sí ife. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù: pé ó ń fi ebi pa ọkọ rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá ti ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ jáde, kò síbi tí kì í dé.

Láti ọjọ́ kejì ni kúlà oúnjẹ Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti tábìlì tí wọ́n ń lọ aṣọ lé, Àǹtí máa ń ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá: ìrẹsì, ọbẹ̀ tí òróró lé téńté lórí rẹ̀, ẹja oníyọ̀, àti èròjà amọ́bẹ̀dùn tí a kò ka iye rẹ̀.

“Jẹun, ọmọ ìyá mi. Ìyàwó kò gbọdọ̀ mọ̀ o. Àwọn obìnrin ìsinsìnyí, ìwé ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀.”

Kò pẹ́ tí ìyàwó fi mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Télọ̀ kò lè jẹ ìdajì oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ ti jẹun níbòmíràn.”

“Ìwọ náà! Ṣé o rò pé mo ti fẹ́ ìyàwó kejì ni?”

“Ì bá sàn kó jẹ́ ìyàwó kejì. Òun kò ní gba ọwọ́ yín.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Mo ń lo oògùn mi. Kí oògùn àti iyọ̀ jọ wọ̀yá ìjà nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá borí á sọ fún wa.”

Obìnrin náà múra láti lọ bá Àǹtí sọ ọ́. Ó dé ilé rẹ̀, ó kí i, ó bá a ṣa ẹ̀wà, ó sì padà sílé láìsọ ohun tó gbé e wá.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dà bí ẹni pé Àǹtí ló gbọ́n. Télọ̀ ń dán, ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, ó sì ti gé ọrùn ẹ̀wù kan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti léwu gan-an nìyẹn: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dun ènìyàn rárá. Ẹni tó ń dúró de ìrora kó tó mọ̀ pé ó ní in lè má rí ìrora kankan títí ọjọ́ tí yóò ṣubú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Àǹtí wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, kò sì lè nàró mọ́. Àǹtí gbé e jókòó. Ẹnu rẹ̀ ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Kí ló dé? Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Jẹun díẹ̀ kí o lókun.”

Ó bu ìrẹsì sí i lẹ́nu. Ìrẹsì náà padà ṣàn jáde sórí aṣọ funfun tó ń gé lọ́wọ́, òróró sì ń ràn lára aṣọ náà. Àǹtí nù ún, ó tún bu òmíràn. Télọ̀ wúkọ́ bí ẹni tí omi ń gbé lọ.

Àkọ́bí ló wọlé. “Àǹtí, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀! Wọ́n sọ fún wa nílé ìwòsàn pé tí ẹnu bá ti yẹ̀, kí a má fún wọn ní nǹkan kan! Ká gbé wọn lọ ni!”

“Oúnjẹ ni mo ní kó jẹ o…”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ẹsẹ̀ wọn mú!”

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbé Télọ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde bá àwọn mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: ìyàwó, Àkọ́bí àti Àǹtí. Ó béèrè irú oúnjẹ tí Télọ̀ ń jẹ.

“Mo ń se tiwọn lọ́tọ̀, mà,” ni ìyàwó wí. “Mi ò fi iyọ̀ sí i.” Ó wo ilẹ̀.

Àǹtí Alásè ní: “Èmi ni. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ìfẹ́ ni mo fi sè é.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ kò mọ ẹni tó se ọbẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ apá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí. Ti ìyàwó dára. Ti Àkọ́bí ga. Ti Àǹtí ga jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn méjèèjì sinmi, ó tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó ní wíwọ̀n ọjọ́ kan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, àgàgà lọ́jọ́ tí ọkàn kò balẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá.

“Kò síbi tó ń dùn mí,” ni Àkọ́bí wí.

“Kò dun bàbá rẹ náà.” Ó yíjú sí Àǹtí. “Màmá, kí ló pa bàbá tiyín?”

“Wọ́n kàn ṣubú ni. Wọ́n ń wẹ ọwọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ayé ni.”

“Bàbá tó bí wọn ńkọ́?”

“Àwọn náà ṣubú.”

“Èmi kò rí wọn, n kò lè sọ ohun tó pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wà nínú ìdílé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Èyí tí wọ́n bí mọ́ yín, ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìkòkò ńkọ́?”

“Mo ti ya ìkòkò wọn sọ́tọ̀,” ni ìyàwó tún wí.

“Ìyá, ìkòkò tí ẹ̀yin yòókù ń jẹ nínú rẹ̀ ló wà lára ohun tó gbé wọn dé ibí. Ẹ fa bàbá kúrò nídìí rẹ̀, ẹ wá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ síbẹ̀.”

Ìyàwó Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo.

Télọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú, ìkòkò kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ gbé kaná. Díẹ̀ ni iyọ̀ tó fi sí i. Kò sì sí agolo lórí tábìlì. Ọmọbìnrin kékeré nawọ́ sí ibi tí agolo máa ń wà, ó sì fa ọwọ́ padà. Àǹtí Alásè tọ́ oúnjẹ náà wò. “Kò níyọ̀ tó,” ló wí. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́gbọ́n. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi ṣíbí kékeré ìpo tíì kan lọ. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la pa pọ̀: èyí tó wà nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn, búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀ àti oúnjẹ inú agolo. Ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ahọ́n yóò ṣàròyé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò gbà. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti èso sí i, kí ẹ sì ṣọ́ òróró àti ohun mímu onísúgà.

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kódà bí ohunkóhun kò bá ṣe yín. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rò pé oògùn náà ti gba iyọ̀ láyè. Bí ojú tàbí ẹnu ẹnìkan bá yẹ̀ lójijì, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kọ̀ tí kò gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe ya ìkòkò aláìsàn sọ́tọ̀. Oúnjẹ tó bá dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru dára fún àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn tó wà níbi oúnjẹ ọjọ́ Àìkú yẹn nìwọ̀nyí: ìyàwó Télọ̀, Àkọ́bí, tí yóò lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, àti Àǹtí Alásè. Àwo márùn-ún ni wọ́n gbé kalẹ̀.